Irun ẹ̀yìn máìtì: bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀yà tuntun ni

Ẹ káàbọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wo nǹkan tó wà lórí ìka mi yìí, ẹ lè rò pé hóró yèèpẹ̀ ni, ẹ jẹ́ n sún kámẹ́rà mọ́ ọn. Ṣé ẹ ti rí ẹsẹ̀ mẹ́jọ báyìí? Máìtì ni, ìbátan eégbọn àti aláǹtakùn, abẹ́ ewé tó ń jẹrà ló ń gbé.

Báwo làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń rí i kó jáde? Ará Ítálì kan, Antonio Berlese, ló gbé ọgbọ́n ẹ̀ jáde ní 1905. Wọ́n á da ewé àti yèèpẹ̀ sórí asẹ́ tó wà lẹ́nu àrọ, wọ́n á mú kí òkè gbóná, ilẹ̀ á máa gbẹ bọ̀ wálẹ̀, àwọn máìtì á máa sá fún ooru lọ sísàlẹ̀ títí wọ́n á fi já sínú ìgò spírítì. Gílóòbù lásán lè ṣe é, ẹ gbìyànjú ẹ̀ nílé.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní oribatid nínú wọn, ara wọn le, ó dúdú, ẹ ò lè rí nǹkan kan. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní lactic acid títí ara ẹ̀ á fi mọ́ bíi dígí, wọ́n á gbé e sórí síláìdì oníkòtò, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ yí i, ẹ̀yìn, ikùn, ẹ̀gbẹ́. Irun ni wọ́n ń kà o! Mélòó ló wà lẹ́yìn ẹ̀, èwo ló gùn, èwo ló ní eyín bí ayùn. Méjì kan wà lórí ẹ̀ tó hù látinú ihò kékeré, ṣé ṣóńṣó ẹ̀ ki bíi kùmọ̀ ni àbí ó tín-ín-rín bí òwú? Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀yà kan ti sábà máa ń yàtọ̀ sí òmíì. François Grandjean, ará Faransé tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí òkúta tẹ́lẹ̀, ló fún irun kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tiẹ̀, kí ẹni tó wà ní Japan àti ẹni tó wà ní Brazil lè mọ̀ pé irun kan náà làwọn ń sọ, iṣẹ́ ńlá nìyẹn lójú tèmi.

Ẹ má tètè pariwo pé ẹ ti rí ẹ̀yà tuntun ṣá. Ọmọ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, kò sì jọ ìyá ẹ̀ rárá, àwọn kan ti fún ọmọ àti ìyá lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí.

Tó bá wá dá wọn lójú, wọ́n á ya àwòrán gbogbo ara ẹ̀. Èmi fẹ́ràn èyí tí wọ́n fọwọ́ yà, torí fọ́tò ibì kan ló ń mú mọ́, ọwọ́ ló ń kó gbogbo ẹ̀ pọ̀. Wọ́n á fún un lórúkọ alápá méjì bí Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, ṣe kọ́ wa, wọ́n á wá yan máìtì kan ṣoṣo, holotype, tí orúkọ náà so mọ́, wọ́n á gbé e pamọ́ sínú ìgò kékeré ní mùsíọ́ọ̀mù pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti bù ú àti ọjọ́ tí wọ́n bù ú. Tí àríyànjiyàn bá dé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ìgò kékeré yẹn ni wọ́n á lọ ṣí.