Iye Tó Yẹ Kí Ẹ Ta Òrùka Fàdákà Tí Ẹ Fi Ọwọ́ Ṣe

Ẹ ǹlẹ́ o. Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ. Bí a ṣe ń jó fàdákà pọ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi ìyẹn jẹ yín lákòókò.

Ẹ wo òrùka yìí. Inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 18, ó nípọn tó 2, ìbú rẹ̀ jẹ́ 4. Ẹ fi 2 kún 18, ó di 20. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.14, ó di 62.8. Ẹ gé fàdákà tó gùn ní mìlímítà 64, torí fáìlì, irin tí a fi ń ha nǹkan, á jẹ díẹ̀ níbi tí ẹnu méjèèjì ti fẹ́ pàdé. Tó bá jẹ́ fàdákà 925, ìyẹn èyí tí 925 nínú 1000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà gidi, òṣùwọ̀n á fi nǹkan bíi gíráàmù 5.3 hàn yín.

Ẹ KỌ 5.3 YẸN SÍLẸ̀ BÁYÌÍ! Kí fáìlì tó kàn án. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí òrùka ń dán lè rí 4.6, á sì gba owó 4.6. Ẹni tó ra aṣọ ọ̀pá mẹ́ta, ṣé kò ní sanwó èyí tí àlùmọ́gàjí aránṣọ gé bọ́ sílẹ̀ ni? Ẹ gbá èérún yín jọ, ẹ fi òòfà fa irin ayùn kúrò nínú rẹ̀. Èyí tó bá ní solder nínú, ìyẹn irin tí a ń yọ́ láti fi jó ẹnu méjèèjì pọ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Tí ẹ bá yọ́ ọ mọ́ èyí tó mọ́, fàdákà náà lè máa yọ ihò wẹ́wẹ́ fún yín.

Ó yá, àkókò. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ká ní ẹ ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Mélòó lẹ lò nídìí tábìlì iṣẹ́? Ẹ ya fọ́tò, ẹ dá oníbàárà lóhùn, ẹ di ẹrù, ẹ lọ ra gáàsì. Bóyá 22 ló kù. Kò sẹ́ni tó máa sanwó 18 yòókù fún yín, àfi tí ẹ bá pín in sórí 22 yẹn. Ká ní ẹ fẹ́ mú 440 lọ sílé lọ́sẹ̀, ní owó yòówù tí ẹ ń ná. Owó ṣọ́ọ̀bù, iná, gáàsì, abẹ ayùn àti sáńpépà jẹ́ 220. Àpapọ̀ rẹ̀, 660. Ẹ fi 22 pín in: wákàtí kan, 30. Ẹni tó fi 40 pín in rí 16.5, ó ti sọ owó rẹ̀ nù kó tó tanná. WÁKÀTÍ ÌDÍ TÁBÌLÌ LẸ Ó FI PÍN IN! Mo tún un sọ: ìdí tábìlì.

Ẹ wá ka ìṣẹ́jú òrùka yìí. Gígé, 5. Fífi iná mú un rọ̀ àti títẹ̀ ẹ́, 10. Jíjó o pọ̀, 5. Fífi ásíìdì fọ̀ ọ́ mọ́ àti gbígbá a kó rí roboto, 10. Fáìlì àti sáńpépà, 30! Dídán an, 15. Ó di 75. Ẹ rí i pé iná kọ́ ló ń jẹ àkókò. Ẹni tó bá fo sáńpépà 400 àti 600, tó ti orí 240 tó le bọ́ sí 1200 tó kúnná, ìlà á yọ síta nígbà tó bá ń dán an, á sì padà sí 240. Owó ta nìyẹn? Bákan náà, solder kì í dí àlàfo. Ẹ gbé ẹnu méjèèjì síwájú fìtílà. Tí ìmọ́lẹ̀ bá là á kọjá, ẹ má tíì jó o.

Wákàtí kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin, lọ́nà 30, jẹ́ 37.5. Tí gíráàmù kan bá jẹ́ 2, fàdákà jẹ́ 10.6. Ojú owó rẹ̀, 48.1. Ẹ fi èrè ṣọ́ọ̀bù lé e, ká ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di bíi 55. Iye tí ẹ ó tà á fún alágbàtà nìyẹn o, kì í ṣe fún ẹni tó fẹ́ fi sọ́wọ́! Alágbàtà sábà máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá ń tà á ní 55 fúnra yín, ta ló máa ra 110 lọ́wọ́ rẹ̀?

Iṣẹ́ àkànṣe, èyí tí oníbàárà ní kí ẹ ṣe fún òun, ńkọ́? Owó fàdákà ń lọ sókè sódò, torí náà ẹ kọ iye ọjọ́ tí iye tí ẹ dá fi dúró. Ẹ gba owó fàdákà àti ìdajì owó iṣẹ́ kí ẹ tó gé ohunkóhun. Tí ẹ bá sì fẹ́ fín orúkọ sí i, ẹ gba gbogbo rẹ̀. Ta ló fẹ́ ra òrùka tí orúkọ ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀?