Halqa: òrùka tó bẹ̀rẹ̀ ábídí, tó tún parí rẹ̀

Lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ṣe, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ṣọ́ọ̀kì ni mo kọ́kọ́ mú, mo ya òrùka kékeré kan sójú pátákó. Mo ní kí àwọn tó wá gbọ́ mi sọ ohun tó jẹ́. Ẹnì kan ní òdo ni, ẹlòmíràn ní lẹ́tà "o" ni. Kò sẹ́ni tó gbà á.

"A" ni. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ábídí àwọn Mandae ni, Halqa lorúkọ rẹ̀, ìyẹn òrùka. Gúúsù Ìráàkì àti agbègbè Khuzestan ní Ìráànì ni ilé àwọn ẹlẹ́sìn yìí. Inú omi tó ń ṣàn ni wọ́n ti ń ṣe ìrìbọmi, léraléra, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan láyé. Lẹ́yìn ogun 2003, ọ̀pọ̀ wọn fọ́n ká lọ sí Australia àti Sweden. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń kọ̀wé bọ̀ sí òsì, bí ìwé kéwú. Abaga ni wọ́n ń pe ábídí wọn, láti ara a, b, g, bí àwa náà ṣe ní ábídí tiwa.

Kọ̀ǹpútà ò mọ òrùka, nọ́ńbà ló mọ̀. Unicode ni tábìlì ńlá tí gbogbo ayé fẹnu kò sí, tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì, Michael Everson àti Charles Häberl, ló kọ̀wé béèrè fún àyè nínú tábìlì náà ní 2008. Ẹ̀dà 6.0 jáde ní oṣù kẹwàá 2010, lẹ́tà àwọn Mandae sì wọlé. Halqa gba U+0840. Ẹ má jẹ́ kí òdo iwájú yẹn dà yín láàmú: mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà yìí, kì í ṣe mẹ́wàá-mẹ́wàá; tí a bá kà á bí a ṣe ń ka owó, 2112 ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù rèé. Àwọn Mandae ní 24 ni lẹ́tà àwọn. Ẹ ka tábìlì Unicode, 25 lẹ máa bá. Ta ló ṣì í kà?

Kò sẹ́ni tó ṣì í kà. Lójú àwọn àlùfáà wọn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní agbára, òpin ábídí sì gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Halqa ni ìkíní, Halqa náà ni ìkẹrìnlélógún. Kò yẹ kí kọ̀ǹpútà fún ohun kan náà ní nọ́ńbà méjì, nítorí ẹni tó bá ń wá ọ̀kan nínú ìwé kò ní rí èkejì. Ó wá ku 23. Wọ́n fi lẹ́tà kan tó ń jẹ́ Kad kún un, àti Ain tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá, ó di 25.

Nínú 23 yẹn, Dushenna ni ìkẹtàlélógún. Lẹ́tà méjì àtijọ́ tó wọnú ara wọn ni. Òun ni wọ́n fi ń kọ "di", tó ń ṣe iṣẹ́ "ti" àti "tí" tiwa. Síbẹ̀ ó gba nọ́ńbà: U+0856. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ tíṣà tẹ́lẹ̀ jágbe mọ́ mi níbẹ̀ pé, "Gb wa ńkọ́?" Òótọ́ ni, Mà. G ni, b ni, kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Dushenna ní ìrísí tirẹ̀ lójú ìwé, gb ò ní. Èyí tó ń dùn mí ni ẹ́: ẹ ní nọ́ńbà, àmì ohùn orí rẹ̀ ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì pọ̀ ò ní. Halqa náà ní àmì kan, U+085A, tó ń fi ìyàtọ̀ ìró rẹ̀ hàn. Inú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń lò ó. Níbòmíràn wọ́n ń fò ó, bí àwa ṣe ń fo tiwa.

Nọ́ńbà nìkan kò tó ṣá. Halqa máa ń so mọ́ lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀, kì í so mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì, ìyẹn fáìlì tó ń ya ìrísí lẹ́tà sójú kọ̀ǹpútà, ló ń ṣètò ìyẹn. Google ní ọ̀kan, Noto Sans Mandaic. Níbi tí kò bá ti sí, àpótí òfìfo lẹ máa rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá béèrè bí èèyàn ṣe máa kọ odindi ábídí náà nígbà tí Halqa kejì ò sí nínú tábìlì. Mo ní kó tẹ 0840, kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ títí dé 0856, kó tún wá tẹ 0840. Ó fi ìka kà á. Mẹ́rìnlélógún.