Wọ́n Ní Káàdì Tí Mi Ò Ní Ti Di Títì Pa

Ẹ̀yin ará ulé, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tó wà ní Adó, ní Ìkéré, ní Ìjerò, ní Ìkọ̀lé, àti ẹ̀yin ọmọ Èkìtì tó ń wò wá láti ẹ̀yìn odi, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ tí a kò pè la fẹ́ sọ lónìí, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní spam. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ̀gbọ́n màmá mi kan bẹ̀rẹ̀.

Iṣu ni wọ́n ń tà, ní Ọjà Ọba níbí ní Adó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù mi dún, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni. Bí mo ṣe gbé e, ohùn wọn ni mo gbọ́: "Ọmọ mi, wọ́n ti ti káàdì ATM mi pa o! Wọ́n ní bí mi ò bá pè kó tó di aago méjìlá, owó mi ti lọ nìyẹn." Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Mo bi wọ́n pé káàdì bánkì wo ni. Wọ́n dákẹ́. Mo tún bi wọ́n. Ìgbà náà ni wọ́n wá rọra béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Àbí mi ò tiẹ̀ ní káàdì ATM ni?"

Wọn ò ní in. Wọn ò ní in rí. Inú àjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni owó wọn máa ń wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà wọ́n débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbìyànjú láti pe nọ́ńbà tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ohun tó yọ wọ́n ni pé kò sí owó ìpè lórí fóònù wọn. Fóònù ẹni tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni wọ́n yá, òun ni wọ́n fi pè mí. Títí dòní, mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àìní káàdì ìpè ló gba owó àjọ wọn là.

Ẹ wá jẹ́ ká bi ara wa: báwo lèèyàn ṣe máa ti káàdì tí ẹnìkan ò ní pa?

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ò mọ̀ wọ́n. Kò mọ̀ bóyá wọ́n ní káàdì, kò mọ̀ bóyá ìyá ni àbí bàbá, kò mọ̀ pé Adó wà láyé. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù wa: 11 ni. Ẹ mú èyí tó fi 0803 bẹ̀rẹ̀, 7 ló ṣẹ́kù. Láti orí òdo méje títí dé orí ẹẹ́sàn-án méje, mílíọ̀nù 10 nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà sì lè tò wọ́n tán kí ẹ tó fọ àwo iyán yín. Nítorí náà, ẹ má rò pé ẹnìkan ta nọ́ńbà yín dandan. Lóòótọ́, àwa náà ń fi í sílẹ̀ káàkiri: nínú ìwé ọmọ tó ń ta káàdì ìpè, nínú fọ́ọ̀mù àlejò ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ìwé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tí a lọ kí èèyàn. Wọ́n á ṣí ìwé yẹn sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni á fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Mo ti rí i lójú ara mi.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn ún sọ ni ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó bá ti gbin iṣu rí mọ̀ pé ebu kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ebè kíkọ ń dun ẹ̀yìn, ebu ń náni lówó, nítorí náà àgbẹ̀ kan ò ní lọ ri ebu sójú títì ọlọ́dà. Ká wá ní ebu ò náni ní kọ́bọ̀, tí ebè ń kọ ara rẹ̀ ńkọ́? A ó kàn máa fọ́n ọn kiri ni: sójú títì, sórí àpáta Olósùnta, sínú omi gbígbóná Ìkògòsì. Èyí tó bá hù, kó hù. Bí àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ da wá láàmú ṣe ń dáko nìyẹn. Ká ní ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí èèyàn 100,000. Ẹni 99,995 pa á rẹ́. Ẹni 5 pè é. Bí ẹyọ ẹnìkan nínú àwọn 5 yẹn bá fi ₦50,000 sílẹ̀, iṣẹ́ ti dáa fún un, ọ̀la ó tún jí.

Bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1978, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ò tíì di ti gbogbo ayé, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Gary Thuerk, tó ń polówó ọjà fún ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà DEC ní Amẹ́ríkà, fi ìpolówó kan náà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú bí wọn. Wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọ́n sì kìlọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ọjà tí òun tà nípasẹ̀ rẹ̀ wọ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó bínú ò dí ẹni tó fẹ́ rà lọ́wọ́.

Ẹ ní níbo ni orúkọ spam yẹn ti wá? Orúkọ ẹran inú agolo ni. Ilé iṣẹ́ Hormel ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1937. Ní 1970, wọ́n ṣe eré apanilẹ́rìn-ín kan lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípa ilé oúnjẹ tí ẹran yìí wà nínú ohun gbogbo tí wọ́n ń tà, ẹni tó ní òun ò fẹ́ ẹ náà ò rí ibi sá sí. Bíi kéèyàn wọ búkà kó ní iyán àti ẹ̀fọ́ lòun fẹ́, kí wọ́n ní ẹ̀wà wà nínú iyán, ẹ̀wà wà nínú ẹ̀fọ́, omi mímu náà ní ẹ̀wà díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí a kò pè ṣe ń wọ ibi gbogbo nìyẹn, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ẹran náà.

Ohun kan máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ti gọ̀ jù, ta ló máa gbà á gbọ́? Ọmọ ọba tó fẹ́ fún mi ní mílíọ̀nù dọ́là, kò tiẹ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ!" Ní 2012, olùwádìí kan ní Microsoft, Cormac Herley, kọ̀wé lórí ohun yìí gan-an. Ó ní gígọ̀ ọ̀rọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ni kò ná wọn ní nǹkan kan. Jíjókòó bá èèyàn tàkúrọ̀sọ fún ọ̀sẹ̀ méjì ló ń gba àkókò. Wọn ò fẹ́ fi àkókò yẹn ṣòfò lórí ẹni tó máa fura lọ́jọ́ kẹta. Nítorí náà, wọ́n á jẹ́ kí ìtàn wọn rí játijàti láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹlẹ́gàn tètè rẹ́rìn-ín lọ, kó ku ẹni tó gbà gbọ́. Ajọ̀ ni. Wọ́n ti ń jọ̀ wá kí a tó mọ̀.

Ẹ wá wo ibi tí èyí kàn wá sí. Ohun tí wọ́n ń wá lọ́dọ̀ wa ni ìdáhùn. Àwa sì rèé, ọmọ ibi tí wọ́n ti ń kíni kí wọ́n tó sọ̀rọ̀! Ẹni tó bá kí wa tí a ò bá dáhùn, wọ́n á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń fi "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀?" bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp. Ìwọ̀nba pé a dáhùn pé "Rárá, ẹ ṣi nọ́ńbà," a ti fi hàn pé èèyàn wà lẹ́yìn nọ́ńbà yìí, pé ó ń ka ọ̀rọ̀, pé ó sì ní ọ̀wọ̀.

Èébú náà, ìdáhùn ni. Àbúrò mi ọkùnrin ò gbà fún mi lórí èyí. Nígbà tí ọmọ Yahoo kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, odidi ìrọ̀lẹ́ kan ló fi ń gbé e ṣépè, ó ní ọmọ Èkìtì kì í sá fógun, pé àwọn bàbá wa tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ogun Kírìjì ní 1877 ò dákẹ́. Òótọ́ ni, wọn ò dákẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí ọ̀tá pàgọ́ sí. Èyí tó ń ṣépè fún, bóyá ó tiẹ̀ ń sùn lọ́wọ́, tí ẹ̀rọ sì ń bá a gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà tuntun mẹ́rin ló fi iṣẹ́ olówó ńlá lọ̀ ọ́. Mi ò lè búra pé torí èébú yẹn ni, ṣùgbọ́n mo ní èrò tèmi.

Ó dáa, kí la wá máa ṣe? Ọ̀nà ò dọ́gba, torí àwọn tó ń ránṣẹ́ ò dọ́gba.

Àwọn kan ń polówó lásán: orin ìpè, ìdíje, ẹ̀kọ́ Bíbélì ojoojúmọ́ tí ẹ ò béèrè fún. Ìwọ̀nyí rọrùn. Àjọ NCC tó ń mójútó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà ti pàṣẹ láti 2016 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù gbà wá láyè láti kọ̀. Ẹ kọ STOP, ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442, ó parí. Bí ẹ bá fẹ́ yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbà nínú wọn, HELP lẹ máa kọ. Bí wọn ò bá sì jáwọ́, ẹ fẹjọ́ ilé iṣẹ́ fóònù sùn lọ́dọ̀ wọn náà ná, lẹ́yìn náà ẹ pe 622, nọ́ńbà NCC. Òfin ààbò ìwífún tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 náà fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé a ò fẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà wa polówó. Ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ tó ń fi síìmù tirẹ̀ ránṣẹ́ ò mọ 2442. Tìyẹn, ẹ dènà nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ní ti ímeèlì, púpọ̀ nínú wa máa ń pa á rẹ́, a rò pé a ti ṣiṣẹ́. Ẹ má kàn pa á rẹ́, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Report spam sí. Ẹ̀kọ́ lẹ ń kọ́ ẹ̀rọ yẹn. Ìṣirò tó wà nídìí ẹ̀ ti pẹ́: àlùfáà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Bayes, ló kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1763 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 2002, Paul Graham tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣàlàyé bí a ṣe lè fi í yọ ímeèlì burúkú. Ẹ̀rọ á máa ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹ̀ẹ̀melòó ló ti wà nínú èyí tẹ́ ẹ fi sùn, ẹ̀ẹ̀melòó ló ti wà nínú èyí tẹ́ ẹ tọ́jú? Bí "oríire", "kíákíá" àti "mílíọ̀nù" bá pàdé nínú lẹ́tà kan, ó ń fura. Bó bá rí "ìpàdé ẹbí" àti "owó àjọ", ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bí alátẹ ata ṣe ń mọ náírà ayédèrú nìyẹn, láti inú èyí tó ti tàn án jẹ rí. Ó máa ń ṣìṣe náà o, nítorí náà ẹ máa yẹ àpò spam wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ àdúgbò wa kan bá lẹ́tà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán.

WhatsApp ló le jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jí gbogbo ilé kó. Ẹnìkan á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà 6 kan ránṣẹ́ sí fóònù yín, ẹ bá mi fi ṣọwọ́." Nọ́ńbà 6 yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín. Ẹni tẹ́ ẹ bá fún ti di ẹ̀yin, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó lọ́wọ́ àwọn àna yín. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Account, ẹ tan two-step verification, kẹ́ ẹ yan PIN tí ẹlòmíì ò mọ̀. Níbi Privacy, lábẹ́ Groups, ẹ yan My contacts, kí àlejò má lè kó yín sí gírúùpù olówó èlé.

Ó ku èyí tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀ tán: ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà wa ń gbé wá sí gírúùpù ẹbí. "Fi ránṣẹ́ sí èèyàn 10 kí ilẹ̀ tó ṣú." Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí WhatsApp fi òté lé e ní 2019 pé ẹnìkan ò lè gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì kọjá ibi 5 lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì dín èyí tó ti rìn jìnnà kù sí ibi 1 ní 2020. Bí ẹ bá rí ọfà méjì lórí ọ̀rọ̀, ó ti rìn jìnnà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan ló gbé e wá, ta ló máa sọ fún wọn nínú gírúùpù pé irọ́ ni? Èmi ò jẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀. Mo máa ń pè wọ́n lórí fóònù, n ó kí wọn dáadáa, n ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, kí n tó wá ní, "Ẹ dákun sà, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbé wá láàárọ̀ yẹn, ó jọ pé àwọn gbájúẹ̀ ló ṣe é." Ìgbà mìíràn wọ́n á pa á rẹ́. Ìgbà mìíràn wọ́n á ní pásítọ̀ àwọn ló fi ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣì wà ní Ọjà Ọba. Wọ́n pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní káàdì àwọn tún ti di títì pa. Mo ní, "Kí lẹ wá ṣe, mà?" Wọ́n ní oníbàárà wà lọ́rùn àwọn, àwọn ti fóònù bọ abẹ́ àpò iṣu, ìgbà tí àwọn tà á tán ni àwọn wá rántí pé kí àwọn sọ fún mi.