Akẹ́kọ̀ọ́ ni Ibn Umm Maktum

As-salaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuh. Ẹ kú Jímọ̀ òní o, ẹ̀yin ará mi.

Láti ilé-kéwú ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ súrà Abasa sórí. Ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jókòó ní Mọ́kà pẹ̀lú àwọn ẹni ńlá Kùráíṣì. Ó ń retí pé bí àwọn wọ̀nyí bá gba Ísílámù, àwọn ará ìlú á tẹ̀lé wọn. Ibẹ̀ ni Abdullah ọmọ Umm Maktum, tí ojú rẹ̀ kò ríran, bá wọn. Ó ní kí Ànábì kọ́ òun nínú ohun tí Ọlọ́hun fi mọ̀ ọ́n. Ànábì fajú ro, ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ọlọ́hun sì bá ẹni tó fẹ́ràn jù lọ wí: "Ó fajú ro, ó sì pẹ̀yìn dà, nítorí pé afọ́jú wá bá a."

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nínú wáàsí lórí súrà yìí ni pé ká má fojú di tálákà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ tún wo ohun tí ọkùnrin yẹn bá wá. Kò wá tọrọ bárà. Kò ní kí wọ́n ṣàdúà kí ojú òun là. Ẹ̀kọ́ ló wá kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú tí wọn ò ráyè gbọ́ tirẹ̀ ni Ọlọ́hun gbèjà, tó sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sínú Àlùkùránì, tí a ó máa kà á lórí ìrun títí ayé.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí n ka súrà náà wéré mọ́. Abdullah kò rí ojú tí wọ́n fà ro. Báwo ló ṣe fẹ́ rí i? Ọlọ́hun ló rí i, kò sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ àkàndá ẹ̀dá kiri ilé-ìwé ńkọ́? Ojú tiwọn là rekete. Wọ́n ń rí ọ̀gá ilé-ìwé bó ṣe ń wo ọmọ náà látòkè délẹ̀ kó tó ní, "Mọ́mì, àyè ò sí mọ́." Wọ́n ń rí ẹni tó ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú mọ́tò. Wọ́n ń rí ojú àna wọn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n lọ ti ọmọ náà mọ́ yàrá kí àlejò tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi kí n tó bá ẹlòmíràn wí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, wọ́n mú ọmọkùnrin kan wá bá mi. Bí mo bá pè é, kò ní dáhùn. Mo ní olóríkunkun ni, mo sì ń fi ẹgba bá a sọ̀rọ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ìyá rẹ̀ tó rówó gbé e lọ yẹ etí wò. Etí kan kò gbọ́ rárá, èkejì ń gbọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyá náà kò bú mi. Ó kàn ní, "Áfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi máa fi í síwájú, kó lè máa wo ẹnu yín." Mo ní ìyẹn á fa àwọn yòókù sẹ́yìn, kí wọ́n wá ibòmíràn. Ó ká ẹní ọmọ rẹ̀, ó gba wàláà rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní ju èébú lọ.

Kí ni Ànábì ṣe lẹ́yìn tí áyà yẹn sọ̀ kalẹ̀? Kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí pé kó máa rẹ́rìn-ín sí Abdullah. Ó gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ó fi í ṣe ládàánì pẹ̀lú Bilal. Nígbà tí ìrìn àjò bá gbé Ànábì jáde ní Mẹ̀dínà, ó máa ń fi í ṣe adelé, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wà nínú hádíìsì Bukhari àti Muslim pé, "Òru ni Bilal máa ń pèrun, nítorí náà ẹ máa jẹ, ẹ máa mu, títí Ibn Umm Maktum á fi pè." Odidi ìlú ń ṣọ́ ohùn afọ́jú kí wọ́n tó gbé ọwọ́ kúrò nínú sààrì!

Báwo ni afọ́jú ṣe ń mọ̀ pé àfẹ̀mọ́jú ti là? Hádíìsì náà dáhùn: kì í pèrun àfi bí wọ́n bá sọ fún un pé, "Ilẹ̀ ti mọ́, ilẹ̀ ti mọ́." Ẹ dákun, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Wọn ò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ojú rẹ̀. Ẹnì kan ló dúró tì í, tó ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Ohun tí àwọn òbí ọmọ àkàndá ń wá kiri kò ju ìyẹn náà lọ.

Àwọn kan ti ń ṣe é. Lọ́dún 2017, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé tí gbogbo wa mọ̀ sí onímọ̀ Ísílámù, JAMB ya ètò kan sọ́tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. Wọ́n ń ṣe ìdánwò wọn ní Braille, ìwé tí wọ́n ń fi ìka kà, wọ́n sì ń gbọ́ bùkátà ọkọ̀ àti ibùsùn wọn. WAEC náà ní ìwé ìdánwò Braille, wọ́n sì ń fi àsìkò kún tiwọn. Bàbá tó bá ń sọ pé, "Kí lèmi fẹ́ fi owó ilé-ìwé afọ́jú ṣe?", ẹ bá mi sọ fún un pé ọ̀nà Yunifásítì ò dí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ̀tọ́ ni ẹ̀kọ́ ọmọ yín, kì í ṣe àánú. Òfin ọdún 2018 tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara, tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ wọn títí dé ilé-ìwé gíráńmà. Ó ní kí ilé-ìwé ìjọba ní ẹni tó kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn. Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, ₦1,000,000 ni. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011, LASODA sì ni ọ́fíìsì tí ẹ lè gbé ẹjọ́ lọ. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá ní àyè ò sí, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù dárúkọ òfin yìí fún un. Èmi náà mọ̀ pé ìwé òfin kì í dá gbé ọmọ dé kíláàsì, àmọ́ ẹni tó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ kì í bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan.

Àwọn ilé-ìwé tó wà fún wọn ńkọ́? Modupe Cole wà ní Àkókà, l'Ékòó, fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ tàbí ara wọn ń fẹ́ ìtọ́jú àkànṣe. Wesley wà ní Sùúrùlérè fún àwọn adití. Pacelli náà wà níbẹ̀ fún àwọn afọ́jú. Ìlọrin ní ti ìjọba Kwara. Láti 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́ sì ti ń kọ́ àwọn tíṣà tó mọ iṣẹ́ yìí, ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọ Àgùdà ló dá Pacelli sílẹ̀ lọ́dún 1962. Mi ò fi ṣe ìlara, Ọlọ́hun á san án fún wọn. Àwa tí à ń fi máàbù tẹ́ mọ́ṣáláṣí láti ọdún yẹn ńkọ́?

Mo fẹ́ bá àwọn bàbá sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí ọmọ bá dé tí kò pé, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nàka sí. Wọ́n á ní ó rìn lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ní ayé ilé bàbá rẹ̀ ni. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun tí a kò tètè gbé dé ọsibítù lè sọ ọmọ di adití, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ wà lára ohun tó lè fa ibà náà fún àwọn ọmọ kan. Àìsàn yírùnyírùn náà ń pa etí. Ta ló wá jẹ́ àjẹ́ níbẹ̀? Ọkùnrin tó sá fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ nítorí èyí, tó ń tò sí sáfù àkọ́kọ́, kó lọ tún súrà Abasa kà.

Ẹ̀yin aládùúgbò àti ẹ̀yin Ìyá Àsàlátù, obìnrin kan wà láyé Ànábì tí nǹkan kan ń ṣe ọpọlọ rẹ̀. Ó ní òun ní bùkátà lọ́dọ̀ rẹ̀. Muslim gbà á wá pé Ànábì ní, "Ìyá Lágbájá, wo òpópónà tó bá wù ọ́, kí n lè bá ọ gbọ́ bùkátà rẹ." Ó tẹ̀lé e, ó dúró títí obìnrin náà fi sọ tinú rẹ̀ tán. Òun ló ní kó yan ibi tó fẹ́. Àwa kì í béèrè. A ó ti kó bísíkíìtì àti fóònù tí a ó fi ya fọ́tò dé. Ìyá tí ẹ gbé bísíkíìtì lọ bá, ó lè jẹ́ ẹni tí á bá a jókòó ti ọmọ fún wákàtí méjì kó lè dé ọjà ló ń wá. Ó lè jẹ́ owó kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ilé-ìwé, tàbí bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ti kú láti oṣù tó kọjá. Bí òbí náà bá jẹ́ aláìní, ó wà lára àwọn tí súrà Taoba dárúkọ fún sàká. Ẹ̀yin tó ń pín sàká, ẹ san owó ọkọ̀ sáà kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ka àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí tiwa láàárọ̀ yìí. Márùn-ún ni, ó sì ga. Ọmọ orí àga oníkẹ̀kẹ́ ò lè gùn ún, bàbá tí rọpárọsẹ̀ mú náà ò lè gùn ún. Mo ti bá birikìlà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ òní, a ó pàdé ní ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin pẹ̀lú téèpù, ká wọn bí a ó ṣe da ibẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Iyanrìn ti wà nílẹ̀. Ẹni tí àpò sìmẹ́ǹtì kan bá ṣẹ́kù nílé rẹ̀, kó gbé e dání bọ̀.