Ẹ Má Tíì Da Omi Agbè Nù: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ń Tọ́jú Dátà Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù, Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Òkun, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ẹ ti Ìsánlú àti Ìyàrà wá.

Ibi tó ń dùn mí jù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí fáìlì tuntun bá ti dé, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ń ṣe ni pé ká ṣí phpMyAdmin, ojú ìwé tí a fi ń tọ́jú dátábéèsì MySQL, ká tẹ Empty, kí ilẹ̀ mọ́, ká tó kó dátà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. A kì í torí òjò tó ṣú da omi agbè nù. Fáìlì tí ẹ kò tíì kà ni òjò tó ṣú. Tábìlì tó wà nílẹ̀ ni omi inú agbè.

Ẹ wo ohun tí Empty ń ṣe gan-an. Àṣẹ TRUNCATE ló ń ṣe. Ó ń kó gbogbo ìlà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń dá òǹkà AUTO_INCREMENT, tó ń fún ìlà tuntun ní nọ́ńbà, padà sí 1. DELETE ní tiẹ̀ ń yọ ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, òǹkà kì í sì í padà. DROP á wó tábìlì náà pátá, àtòpó (column) àtìlà (row).

Ọ̀rọ̀ òǹkà yìí ló ń da owó rú. Ká ní ìyá kan jẹ́ nọ́ńbà 14 nínú omo_egbe, tábìlì orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, tí gbogbo owó tó ti dá sì wà nínú idawo, tábìlì owó tí wọ́n dá, lábẹ́ 14. Ẹ ṣe TRUNCATE sí omo_egbe, ẹ wá kó fáìlì tí wọ́n to orúkọ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ABD wọlé láìsí òpó nọ́ńbà. Kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ẹlòmíì ló máa bọ́ sí 14, owó ìyá yẹn á sì di ti onítọ̀hún. Kò sí àṣìṣe kankan tó máa hàn lójú kọ̀ǹpútà o! Nọ́ńbà yẹn ni èèyàn náà. Fáìlì tí kò bá ní òpó nọ́ńbà, ẹ dá a padà fún ẹni tó mú un wá.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí FOREIGN KEY wà, okùn tó so tábìlì pọ̀, kò ní jẹ́ ká ṣe TRUNCATE." Lóòótọ́, MySQL á kọ̀, á fún yín ní àṣìṣe 1701. Àmọ́ àwọn kan náà ló ń kọ́ ọmọ wa pé kí wọ́n tẹ SET FOREIGN_KEY_CHECKS=0 kí àyẹ̀wò okùn yẹn dúró, kí ọ̀nà lè là. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Bí ẹ bá dá a padà sí 1 lẹ́yìn náà, MySQL kò ní padà yẹ ìlà tó ti wọlé wò. Ìdáwó tí kò ní olówó á jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ kọ́ agbè kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́: CREATE TABLE omo_egbe_tuntun LIKE omo_egbe; bákan náà fún idawo. LIKE kì í da okùn yẹn kọ, nítorí náà kò sí ìdíwọ́. Ẹ kó fáìlì sínú wọn, ẹ ka ìlà pẹ̀lú COUNT(*), ẹ ro owó pọ̀ pẹ̀lú SUM, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé akápò. Lẹ́yìn náà:

SELECT COUNT(*) FROM idawo_tuntun WHERE nomba NOT IN (SELECT nomba FROM omo_egbe_tuntun);

Òdo ló gbọ́dọ̀ jáde. Bí ó bá jẹ́ 3, ìdáwó 3 ni kò mọ olówó rẹ̀.

Ibí yìí ni màmá kan láàárín yín ti nawọ́: "Bí NEPA bá wá mú iná lọ nígbà tí a ń ṣe é lọ́wọ́ ńkọ́?"

Màmá, ẹ ṣeun, ìbéèrè yín ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹ kọ́kọ́ tẹ SHOW TABLE STATUS. Bí òpó Engine, ìyẹn ọ̀nà tí MySQL gbà ń tọ́jú tábìlì, bá sọ MyISAM, kò sí ààbò kankan; ẹ yí i sí InnoDB ná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi dátà tuntun rọ́pò ti àtijọ́ láàárín START TRANSACTION (ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́) àti COMMIT (ìfọwọ́sí rẹ̀): ẹ DELETE idawo, ẹ DELETE omo_egbe, ọmọ (idawo) ṣáájú ìyá (omo_egbe). Nígbà tí ẹ bá ń dá dátà padà, ìyá ló ń ṣáájú: INSERT INTO omo_egbe SELECT * FROM omo_egbe_tuntun, kí idawo tó tẹ̀ lé e. Bí iná bá lọ kí ẹ tó tẹ COMMIT, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lẹ máa bá a nígbà tó bá dé. Ẹ má fi TRUNCATE sáàárín rẹ̀ o, torí MySQL á fọwọ́ sí iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ROLLBACK tó lè dá a padà. Ní PostgreSQL, dátábéèsì mìíràn, TRUNCATE ṣeé dá padà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi CASCADE kún un, gbogbo tábìlì tó so mọ́ ọn ló máa gbá lọ.

Àkókò ti lọ, n ó sáré. Fáìlì tí mysqldump, irinṣẹ́ tó ń da dátábéèsì kọ, ṣe sábà máa ń ní DROP TABLE IF EXISTS nínú: ẹ ṣí i wò kí ẹ tó kó o wọlé, torí òun fúnra rẹ̀ ló máa wó tábìlì yín. Utf8mb4, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà, ni kí ẹ lò, kí àmì orí orúkọ wa má di "?". Excel máa ń jẹ 0 iwájú nọ́ńbà fóònù. Ẹ má kàn ṣí CSV tààrà; ẹ gba Data > From Text/CSV, kí ẹ sọ òpó yẹn di Text níbẹ̀. Kí ẹ sì tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi mysqldump --single-transaction da gbogbo rẹ̀ kọ sórí fláàṣì, ẹ kó o padà sínú dátábéèsì òfìfo mìíràn, kí ẹ rí i pé ó ṣí.