Ojúlùmọ̀ Ló Ń Bí Ìfẹ́ Àdúgbò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń dúró kí àdúgbò wù wá ná, kí a tó yọjú sí i. À ń jáde láàárọ̀, à ń wọlé lálẹ́, ilẹ̀kùn wà ní títì. Báwo ni ibi tí a kì í dúró sí yóò ṣe wù wá? Èrò tèmi ni pé ojúlùmọ̀ ló ń ṣáájú, ìfẹ́ ló ń tẹ̀lé e.

Ní nǹkan bí ọdún 1970, Donald Appleyard, onímọ̀ ètò ìlú, ṣe ìwádìí lórí òpópónà mẹ́ta ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà. Ilé ibẹ̀ jọra, ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni kò dọ́gba: nǹkan bí 2,000 lójúmọ́ níbi tó kéré jù, nǹkan bí 16,000 níbi tó pọ̀ jù. Àwọn tó ń gbé níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀ ní ọ̀rẹ́ ládùúgbò wọn ní ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí ariwo ọkọ̀ yí ká. Èyí tó wọ̀ mí lára jù lọ ni ìdáhùn wọn nígbà tó bi wọ́n pé ibo ni wọ́n kà sí tiwọn. Àwọn ará ibi tó dákẹ́ ka gbogbo òpópónà mọ́ ọn; àwọn ará ibi tí ọkọ̀ pọ̀ sí kò kọjá inú ilé tí wọ́n ń gbé. Òpópónà kan náà ni àwọn wọ̀nyí jọ ń gbà lójoojúmọ́ o, àmọ́ kò sẹ́ni nínú wọn tó pè é ní tirẹ̀.

Ọkọ̀ nìkan kọ́ ló ń lé èèyàn wọlé. Fóònù tí a tẹjú mọ́ lójú ọ̀nà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìkánjú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀mí sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Keje ọdún 1995, ooru mú ní ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, débi pé ó pa èèyàn tó lé ní 700. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà tó ń dá gbé. Eric Klinenberg, onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, fi àdúgbò méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ wéra. Tálákà pọ̀ nínú méjèèjì, àgbàlagbà tó ń dá gbé wà nínú méjèèjì. Síbẹ̀, èyí tí èrò máa ń pọ̀ lójú pópó, tí àwọn àgbà ń rí ìdí láti jáde, ni ikú ti kéré jọjọ.

Nítorí náà, ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ẹ gba ọ̀nà tí ẹ kò gbà rí. Ẹ bi ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ léèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ohun tó mú un yí padà. Ẹ mọ orúkọ ẹni tó ń gbálẹ̀ òpópónà yín.

Àwọn kan á ní àdúgbò tiwọn kò dára, kí ni wọ́n fẹ́ mọ rírì nínú rẹ̀? Mo gbọ́ yín. Mímọ rírì ibì kan kò ní kí a dijú sí àbùkù rẹ̀. Lójú mi, ẹni tó ń pariwo lórí gọ́tà tó dí, tó sì ń pe àwọn ẹlòmíràn jáde kí wọ́n jọ kó o, fẹ́ràn ibẹ̀ ju ẹni tó ń yìn ín láti ojú fèrèsé lọ. Ẹ máa lọ sí ìpàdé àdúgbò yín, kódà bí ẹ kò bá ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Ìbéèrè yín ló kù tí mo fẹ́ gbọ́.