Bí A Ṣe Ń Ṣe Ẹ̀rọ Oníbẹ́líìtì Tí A Fi Ń Fá Ọ̀bẹ

Kí ẹ tó gé irin kankan, ẹ kọ́kọ́ ra bẹ́líìtì. Sándípépà alásopọ̀ ni, ó fẹ̀ ní ínṣì 2, ó gùn ní ínṣì 72, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 183. Ẹ to wíìlì mẹ́rin sílẹ̀, ẹ fi bẹ́líìtì yí wọn ká, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Wíìlì kan wà lẹ́nu mótò, òun ló ń fa bẹ́líìtì. Méjì kéékèèké wà níwájú, lókè àti nísàlẹ̀ irin pẹlẹbẹ tí a ó máa ti ọ̀bẹ mọ́. Ìkẹrin wà lókè lẹ́yìn, òun ni atọ́nà.

Mótò 2 HP (agbára ẹṣin méjì) tó. Tẹ́ ẹ bá ń ra tòkunbọ̀ ní Òwòdé-Onírin, ọjà irin ní Èkó, ẹ mi ṣáàfù rẹ̀, irin àárín tó ń yí, wò. Tó bá ń mì, bẹ́ríìnì tó gbé e yí ti lọ. Èyí tí ara rẹ̀ dí pa ni kí ẹ mú, torí eruku irin á gba ojú ihò wọlé, á sì jó wáyà inú rẹ̀. Mótò tó ń yí nígbà 2,850 ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú wíìlì mílímítà 100, á mú kí bẹ́líìtì sáré bíi mítà 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á rí i pé ó yá jù. Ẹ bá a mú ti 1,420. Eré náà á dín sí ìdajì.

Wíìlì atọ́nà ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Kí ẹni tó ni léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè fá a, fá etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀, kí àárín fi bíi mílímítà 1 ga jù wọ́n lọ. Bẹ́líìtì a máa gun ibi tó ga, nítorí náà àárín ni yóò máa wá. Bọ́ọ̀tù kan ni ẹ ó fi máa tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Tí bẹ́líìtì bá ṣì ń já bọ́ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀tù ti yí dópin, ẹ fi bọ́ọ̀tù sílẹ̀: àwọn wíìlì ni kò dọ́gba lójú kan náà. Wẹ́dà ló sábà ń fà á, torí gbígbóná ń fa irin. Ẹ kọ́kọ́ fi iná kan irin tó gbé àwọn wíìlì ní ojú méjì-mẹ́ta, ẹ fi irin gbọọrọ kan wọn ojú wíìlì, kó tó di pé ẹ jó o pa.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n? Ihò wíìlì kò sí láàárín gan-an. Kí wọ́n lu ihò kí wọ́n sì fá ara rẹ̀ láì tú u kúrò lórí léètì. Bẹ́ríìnì 6202-2RS méjì fún wíìlì kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ń dá eruku dúró.

Irin pẹlẹbẹ náà nípọn mílímítà 10, kó sì yọ síwájú wíìlì ní mílímítà 1 sí 2. Bí ó bá rẹ̀yìn, ojú ọ̀bẹ yín á rí roboto. Sípíríìngì apá òkè, apá tó gbé wíìlì atọ́nà, gbọ́dọ̀ lè sún ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ lè pààrọ̀ bẹ́líìtì.

Ẹ fọwọ́ yí i kí ẹ tó tan iná, ẹ sì dúró ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ wọ awò àti ìbòmú, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́. Ọ̀bẹ tó ti líle ni kí ẹ ṣọ́ jù: ẹ máa tì í bọ omi lẹ́yìn ìfá kọ̀ọ̀kan. Bí etí rẹ̀ bá di aláwọ̀ búlúù, líle ibẹ̀ ti lọ, ẹ ó tún sun ún padà nínú iná.